Àwọ̀ Apá Títílayọ̀

Sítúdíò Níyìọlá,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìlọrà.
Oṣù Bélú, bí ọyẹ́ ti ń yọjú.

Ẹ̀bùnolúwa, Àsàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ láti ẹnu ọ̀nà sítúdíò, níbi tí mo gbé àga sí kí oòrùn òwúrọ̀ lè máa bá mi wo ìwé tí mo ń kọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí òtútù ìlú tí o wà má wọ inú egungun rẹ, kí ẹsẹ̀ má sì máa ro ọ́ mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ọsibítù. Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún ń dún díẹ̀ bí mo bá dìde, ojú náà sì ń ṣe bí ojú àgbà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń lọ lọ́nà ọ̀fun, oorun sì ń wá fúnra rẹ̀ láìpè é. Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé so púpọ̀ lọ́dún yìí, àwọn àdán sì ń bá mi jẹ ẹ́ láìgba àṣẹ.

O máa bi ara rẹ pé kí ló ṣe bàbá rẹ tó fi ń kọ lẹ́tà, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀rọ̀ tí mo ní gùn ju èyí tí mo lè máa pariwo rẹ̀ sínú fóònù lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlọrà náà sì ní ìwà tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ tí a kò lè fi fóònù ránṣẹ́. Jésùtóbi, ọmọ tíṣà Awẹ́ tó ń padà sọ́dọ̀ yín, ló ń bá mi gbé e. Páálí pẹlẹbẹ kan ni, mo fi aṣọ wé e. Jọ̀wọ́, má tíì ṣí i. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré: ẹran lo máa ń kọ́kọ́ jẹ kí o tó fọwọ́ kan iyán. Lọ́tẹ̀ yìí, jẹ iyán ná.

Ṣé o rántí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí o wá sílé lọ́dún tó kọjá? O jókòó sórí ẹní nínú yàrá mi, o da àpótí fọ́tò ìyá rẹ palẹ̀, o ń tò wọ́n bí ẹni ń to ayò. Gbogbo wọn ló ti pọ́n. Pépà fọ́tò ayé ìgbà yẹn kì í dúró. Ooru òrùlé páànù ti fa àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé kúrò nínú wọn, ó wá ku pupa nìkan. Ojú ìyá rẹ pupa, ewé ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ojú ọ̀run pàápàá pupa. O kò tíì já lẹ́nu ọmú dáadáa nígbà tí Títílayọ̀ kú, o kò sì ní ojú mìíràn tí o fi mọ̀ ọ́n ju ojú fọ́tò wọ̀nyẹn lọ. O wá gbé ọ̀kan sókè, o bi mí pé, "Bàbá mi, báwo ni àwọ̀ ara màmá mi ṣe rí gan-an?" Mo ní adúmáadán ni. O ní, "Adúmáadán pọ̀, Bàbá mi." Òótọ́ lo sọ. Ẹnu kò lè kun ara ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ ti ń bá mi gbé inú ilé yìí, tó ń bá mi jẹun, tó ń bá mi sùn.

Mo sọ fún ọ nígbà náà nípa pátákó tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ní Fìdítì, lẹ́yìn pẹpẹ, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì lọ́jọ́ tí a kọjá, ọkọ̀ Èkó sì ń dúró dè ọ́. Jẹ́ kí n tún un sọ kí o lè mọ ohun tí à ń wá. Ìyá rẹ ló ń kọ pátákó ìtajà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù láti Ìlọrà títí dé Fìdítì. Ọ̀dà ni iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni tèmi, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí ara wa. A pẹ́ kí a tó rí ọmọ. Nígbà tí o dé, tí a sọ ọ́ ní Ẹ̀bùnolúwa, ó ní òun yóò fi pátákó dúpẹ́. Ó kun obìnrin kan tó wọ inú odò dé orúnkún, tó gbé ọmọ lọ́wọ́, tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ ló kùn. Ìwọ lo wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí ni bó ṣe rí àwọ̀ náà. Ní yàrá wa ló ti po ọ̀dà, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ìlà oòrùn. Ó na apá òsì rẹ̀ sórí àpótí, ó yí inú rẹ̀ sókè, níbi tí oòrùn kì í dé. Bó bá ti po ọ̀dà tán, yóò fi ìka kán an sí apá náà, yóò ní, "Níyì, bá mi wá a kàn." Èmi yóò na ìka síbi tí ó wà. Yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò nù ún kúrò, yóò tún un pò. Báyìí ló ṣe títí mo fi gbójú sí apá rẹ̀ tí n kò rí ọ̀dà mọ́, tí mo ń fi ọwọ́ wá ibi tó tutù. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ó ti tó." Ẹ̀bùn, mo ti ya ìgbéyàwó, mo ti ya òkú, mo ti ya àwọn ọba, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí mo tún fẹ́ wọ inú rẹ̀ padà bí àárọ̀ yẹn.

Ìròyìn tó wá dà mí láàmú ni pé ìjọ ń fẹ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́ wó ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ lẹ́yìn ìkórè. Mo sáré lọ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi tú pátákó náà. Nígbà tí mo fi ìka kàn án ní igun, ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Igi ti tán, ọ̀dà nìkan ló ń dúró, bí èèpo ẹyin tí a ti fa inú rẹ̀ mu. A kò lè gbé e jáde sínú oòrùn, a kò tilẹ̀ lè gbọ̀n ọ́n. Ohun tó kù ni kí n yà á níbi tó wà, nínú òkùnkùn ẹ̀yìn pẹpẹ, kí ògiri tó wó.

Akọ̀wé ìjọ kọ́kọ́ fi fóònù rẹ̀ yà á fún mi. Lójú fóònù tirẹ̀, ìyá rẹ pọ́n bí epo. Nígbà tó fi ránṣẹ́ sórí tèmi, ó di rẹ́súrẹ́sú bí ẹni tí ibà ń ṣe. Fóònù a máa dá ọgbọ́n tirẹ̀ ṣe, á ní òun ń tún nǹkan ṣe. N kò fẹ́ ẹni tí yóò bá mi tún Títílayọ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ ọ́ pé kí o wá fíìmù fún mi níbẹ̀, o sì fi méjì ránṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Fíìmù kò ní àwàdà. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá sọ fún un ló ń gbà. Ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ bá purọ́, òun náà yóò purọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí lẹ́ẹ̀kíní. Fíìmù tí o rà, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n ṣe é fún. Èmi sì ní glóòbù ńlá méjì àtijọ́, àwọn oníwáyà tí ń gbóná bí ààrò. Ìmọ́lẹ̀ wọn ní pupa nínú. Ojú wa kì í rí i, nítorí ojú a máa bá ilé tó bá wọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n fíìmù kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Mo ní gíláàsì aláwọ̀ aró tí a ń dè mọ́ ojú kámẹ́rà láti fi pa pupa yẹn, mo dè é, ọkàn mi balẹ̀. Àṣé àwọn ará ìjọ ti ní inú rere sí mi. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ níwájú pẹpẹ nínú òkùnkùn, nítorí náà wọ́n tan gbogbo iná gígùn funfun tó wà ní òrùlé, wọ́n sì to àbẹ́là sí i láti bọlá fún Títílayọ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀jù, mo ya fíìmù náà tán.

Abdussalam ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn, ẹni tó ṣì ń fọ fíìmù aláwọ̀, ló fọ̀ ọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú rẹ̀. Iná òrùlé ti sọ iwájú orí ìyá rẹ di àwọ̀ ewé, àbẹ́là ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di àwọ̀ ọsàn pípọ́n, àárín rẹ̀ nìkan ni glóòbù mi ti ráyè sọ̀rọ̀. Bí ọba méjì kì í ti í gbé ààfin kan, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ méjì kì í gbé inú fíìmù kan. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọṣẹ́, ṣùgbọ́n àbẹ́là tí a tàn fún aya mi ni, ta ló fẹ́ kí n fẹ́ ẹ pa?

Ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé láti Ìbàdàn, mo sùn lọ lórí àga ní sítúdíò. Mo rí Títílayọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Fìdítì, ó ru agolo ọ̀dà lórí, àwọn ọsàn tó ti jábọ́ ń yí gbirigbiri kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tó ń tì wọ́n. Ó na fọ́tò kan sí mi, ó ní, "Níyì, ta nìyí?" Mo wo fọ́tò náà, n kò mọ ẹni náà. Mo gbójú sókè láti wo ojú òun gan-an kí n lè fi wé e, ó ti yíjú sí ibòmíràn, ó ń lọ, ojú ọ̀nà sì funfun bí ìyẹ̀fun. Mo jí, ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù òkú. Ẹ̀rù pé bí mo bá rí i nísinsìnyí, n kò ní dá a mọ̀ ni.

Ẹ̀rù náà sì ní ìdí, ọmọ mi, mo ń sọ fún ọ báyìí nítorí pé wọ́n ti ní ó ṣeé wò. Mo lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ọ̀yọ́. Ó tan iná sí mi lójú, ó ní awọ ń bo ẹyin ojú mi méjèèjì, ó ti pẹ́ tó ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ohun gbogbo tí ẹ ń wò, ó ń kọjá nínú awọ tó ti pupa rúsúrúsú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ kò mọ̀, nítorí ó ti mọ́ yín lára." Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, mo ní àbí mo ti gbé gíláàsì kámẹ́rà mì. Nígbà tí mo dé inú ọkọ̀ ni ẹ̀rín náà gbẹ. Ẹni kan ṣoṣo tó kù láyé tí Títílayọ̀ ti ní kí ó wo apá òun, ojú rẹ̀ kò ṣeé gbára lé mọ́. Mo wo ọwọ́ ara mi láti Ọ̀yọ́ dé Ìlọrà, n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi ló rí bẹ́ẹ̀ tàbí awọ.

Ohun tó ṣẹ́kù ni kí n fi ọ̀nà iṣẹ́ ṣe é, kí n má fi ojú ṣe é mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo padà sí Fìdítì pẹ̀lú fíìmù kejì, èyí tó kẹ́yìn. Ìyá Ìjọ Àwẹ̀ní, o rántí wọn, àwọn tó ti pọ́n ọ rí, gbà kí a pa gbogbo iná àti àbẹ́là. Wọ́n ní, "Ọlọ́run a máa ríran nínú òkùnkùn, Níyì, ìwọ ni kò ríran." A fi ẹní bo àwọn fèrèsé kí oòrùn má yọ́ wọlé. Mo gbé glóòbù kan sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, mo dá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kí dídán ọ̀dà má baà ta padà sójú kámẹ́rà. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni glóòbù bá rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n pọ́n bí ẹyin iná ààrò. Iná NẸ́PÀ Fìdítì ni. Bí iná bá lọ sílẹ̀, glóòbù a pọ́n sí i; bó bá le, a funfun. Gíláàsì mi kò lè máa sáré tẹ̀ lé e.

Mọ́rúfù, tó ń ta sólà ní ìsọ̀ tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́ tí mo ń bú NẸ́PÀ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí, ó gbé bátìrì ńlá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú inífátà, ó ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ jẹ́ kí oòrùn àná bá yín ṣiṣẹ́." Ọ̀rọ̀ náà wù mí títí dòní. Bátìrì náà dúró gbọin, glóòbù kò mì, kò rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọn rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Síbẹ̀ nígbà tí mo wo inú kámẹ́rà, ìyá rẹ kò dá wà. Ọ̀dà rẹ̀ dán bíi dígí, gbogbo wa ni a sì wà nínú rẹ̀: aṣọ funfun àwọn ará ìjọ ń tàn lójú odò, aṣọ títa elése àlùkò tó wà níwájú pẹpẹ sì ti rọra kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Títílayọ̀ ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Aṣọ dúdú la fi ń wo irú àìsàn yìí. Mo ti mú tèmi wá nínú báàgì, mo fà á yọ láìronú. Ìyá Ìjọ gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́, wọ́n ká a, wọ́n dá a padà sínú báàgì. Wọ́n ní, "Aṣọ dúdú kò wọ inú ilé yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Títílayọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kùn ún, kò ní í ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀." Mo bẹ̀, mo bínú, mo tún bẹ̀. Mo ní ṣé nítorí aṣọ ni ọmọ mi kò fi ní mọ ìyá rẹ̀? Wọ́n kàn jáde lọ, mo sì jókòó sórí àga àwọn akọrin bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Ìjọ padà, àwọn obìnrin ìjọ ń tẹ̀ lé wọn, wọ́n gbé àwọn aṣọ àdúrà àtijọ́ tó ti gbó, tó ń kán omi. Wọ́n ti po eérú ilé ìdáná mọ́ omi, wọ́n fi èédú lílọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n sì rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ ní, "Bíbélì mọ aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú. Ibi tí eérú bá wọ̀, kò sí ẹni tó lè lé e jáde. Ṣé èyí tó?" A sá wọn sórí okùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, oòrùn sì bá wa mú wọn gbẹ kíákíá. Nígbà tí mo na ọ̀kan sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Eérú ni àwọ̀ tí àwa oníṣẹ́ fọ́tò ń wá jù láyé, nítorí eérú kì í ṣe ojúsàájú. Kò fi pupa kún pupa, kò fi aró kún aró. Ohun tí àwọn òyìnbó ń tà fún wa ní páálí kékeré aláwọ̀ eérú, tí a fi ń yẹ àwọ̀ wò, inú ààrò Fìdítì ló wà.

A fi aṣọ eérú bo elése àlùkò. Èmi wọ ọ̀kan, Ìyá Ìjọ wọ ọ̀kan, àwọn yòókù bọ́ sí ìta. Mo gé etí aṣọ kan, mo fi kọ́ sí ìsàlẹ̀ pátákó, kí ó lè wọ inú àwòrán, kí Abdussalam lè rí i: bí eérú bá ti jẹ́ eérú nínú fọ́tò, a jẹ́ pé ohun gbogbo tó kù wà ní àyè rẹ̀. Mo wá wo inú kámẹ́rà. Ẹ̀bùn, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Gbogbo wa ti kúrò nínú ọ̀dà náà. Ó ku òun nìkan, nínú omi rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ lọ́wọ́. Ìyá Ìjọ ń kọrin sínú, ohùn wọn kò ju ti kòkòrò oyin lọ, ó sì dà bíi pé odò náà ń ṣàn díẹ̀, pé ilẹ̀ tó ń mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ fẹ́ mọ́ parí. Mo gbàgbé orúnkún, mo gbàgbé awọ ojú, mo gbàgbé pé ó ti kú. Mo ní kí ó dúró jẹ́ẹ́. Mo tẹ kámẹ́rà títí fíìmù fi tán. Ìfẹ́ tí mo ní sí i kò dín kù láti ọjọ́ tó lọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìkórè ni wọ́n wó ògiri. Mo lọ, mo dúró lókèèrè. Kí òòlù tó kàn án rárá ni pátákó náà ti wó fúnra rẹ̀, láìdún, bí ẹni tó ti ń retí àyè láti jókòó. Ohun tó kù nínú rẹ̀ kò tó èékánná, eruku lásán ni. Àwọn obìnrin gbá a jọ sínú àwo funfun, wọ́n lọ dà á sínú odò, nítorí Ìyá Ìjọ ní inú odò ló ti wà tẹ́lẹ̀.

Abdussalam ti fọ fíìmù náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀, ó ń fi eérú inú fọ́tò wé etí aṣọ tí mo mú dání, títí méjèèjì fi di ọ̀kan. Ó wá pè mí sí ẹnu ọ̀nà, sínú oòrùn, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Níyìọlá, ṣé òun nìyí?" Mo wò ó, mo wò ó, awọ wà láàárín èmi àti rẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi. Abdussalam gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó ní, "Eérú ti jẹ́ eérú. Ohun tó kù, ènìyàn ni yóò jẹ́rìí sí i."

Ènìyàn wo ló kù? Títílayọ̀ ti lọ, pátákó ti tẹ̀ lé e, ojú mi ti ṣú. Mo rò ó títí mo fi dé Jọ́bẹ̀lẹ̀ lórí ọ̀nà ilé, kí n tó rántí ohun tí Ìyá Ìjọ ṣe nígbà tí o kí wọn ní Fìdítì lọ́dún tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Wọn kò wo ojú rẹ, ojú tèmi ni ojú rẹ. Wọ́n di apá rẹ mú, wọ́n yí inú rẹ̀ sókè, wọ́n ní, "Apá Títílayọ̀ rèé." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, o sì fa apá rẹ padà, o ní ẹ̀ ń rìn mí ní ìka, Ìyá.

Nítorí náà, ọmọ mi, o lè jẹ ẹran báyìí. Ṣùgbọ́n má ṣí páálí náà lálẹ́, má ṣí i lábẹ́ iná ilé ìdáná yín, iná yẹn yóò purọ́ fún ọ. Dúró di àárọ̀. Bọ́ aṣọ tó bá pupa tàbí tó ní àwọ̀ ewé, wọ funfun tàbí eérú. Lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Ká apá aṣọ rẹ sókè, yí inú apá òsì sókè, níbi tí oòrùn kò dé, kí òtútù ibẹ̀, tó lè pa àwọ̀ dà, má baà jẹ́rìí èké. Gbé e lé orí fọ́tò náà, sí ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀ tó fi gbé ọ. Wá ibi tí tirẹ̀ parí, tí tìrẹ bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí i, má ṣàánú mi, sọ fún mi, fíìmù ṣì wà lọ́wọ́ Abdussalam, a ó tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá wò ó tí o kò rí i mọ́, tí o wá ń fi ìka wá a, má sọ pé ó dára, má sọ pé ẹ ṣeun. Pè mí, kí o sọ ohun tí ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́bàá fèrèsé. Èmi yóò mọ̀.

Kí Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe ẹ̀bùn fún wa pa ẹ̀bùn rẹ̀ mọ́. Kí ọ̀nà rẹ mọ́lẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di eruku, kí àwọn aláìsàn tí o ń fi apá yẹn gbé dìde máa rí ìtura gbà láti ara rẹ. O ó dàgbà, o ó dogbó, àwọ̀ rẹ kò ní ṣá. Àmín, lórúkọ ẹni tó dá ìmọ́lẹ̀ kó tó dá ojú.

Èmi ni bàbá rẹ, ọkọ Títílayọ̀,
Níyìọlá.

Mo tún rántí: dókítà ní lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n yóò ṣí awọ náà, ojú kan lẹ́yìn èkejì. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá tú báńdéèjì, ayé yóò mọ́ sí mi lójú bí ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo sì ti ń ro ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ wò. Bí ọsibítù yín bá fún ọ láyè, bá mi gbé apá yẹn wálé.